Ààyè tí crashkernel ń gbà nínú RAM: ta ló ń gbé ibẹ̀?

Tí ẹ bá tẹ `free -h` lórí ẹ̀rọ Linux tó ní RAM 16G, iye tó máa jáde kì í pé 16G. Firmware (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) ti bu tirẹ̀, kernel (ọkàn Linux) náà ti bu tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ sáfà, 256M mìíràn tún máa ń dàwátì. Kò sí ètò kankan tó ń lò ó, `top` kò mọ̀ ọ́n, `/proc/meminfo` kò sì kà á mọ́ ohun tó wà nílẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ìlà àṣẹ tí kernel fi ń jí, `crashkernel=`, ló gbé e pamọ́.

Àwọn kan á rí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á pa á rẹ́, inú wọn á dùn pé àwọn ti gba mẹ́mórì àwọn padà. Àwọn mìíràn á gbọ́ pé òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó pa sáfà, wọ́n á wá máa bẹ̀rù pé bí RAM bá jẹ́ 16G, àfi kí àwọn ya 16G sọ́tọ̀ kí àkọsílẹ̀ ìjàǹbá tó lè gba ibẹ̀. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣìnà: wọ́n rò pé inú ààyè yẹn ni àkọsílẹ̀ ń bọ́ sí. Orí díìsìkì ni àkọsílẹ̀ ń lọ, tàbí orí ẹ̀rọ mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Yàrá ni ààyè tí a yà sọ́tọ̀ yìí, kernel kejì ló ń gbé inú rẹ̀, tó ń dúró de ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kú.

Òkú kì í sin ara rẹ̀

Kernel ni apá Linux tó ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀. Òun ló ń pín mẹ́mórì, òun ló ń kọ nǹkan sórí díìsìkì, òun ló ń sọ ètò tí ọwọ́ CPU kàn. Bí ètò kan lásán bá kú, kernel wà láàyè láti gbé òkú rẹ̀: á kó ohun tó wà nínú mẹ́mórì ètò náà sínú fáìlì, iṣẹ́ yòókù á sì máa lọ. Tí kernel fúnra rẹ̀ bá wá kú ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní panic. Kernel ti kan ohun tí kò lè gbójú fò, ó rí i pé bí òun bá tẹ̀ síwájú òun lè ba dátà jẹ́, ó bá dá gbogbo nǹkan dúró. Ní àkókò yẹn gan-an, gbogbo ẹ̀rí ohun tó pa á ṣì wà nínú RAM. Tí ẹ bá fi bọ́tìnì tún ẹ̀rọ tàn báyìí, ẹ̀rí ti lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí lórí Linux, bíi LKCD, netdump àti diskdump, jẹ́ kí kernel tó ń kú lọ náà kó ẹ̀rí ara rẹ̀ sórí díìsìkì tàbí sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ rí ìṣòro ibẹ̀. Ó lè jẹ́ dráífà díìsìkì gan-an ló pa á. Ó lè jẹ́ pé CPU kan ti há mọ́ lọ́ọ̀kì kan tí ẹni tó mú un dání kò ní tú sílẹ̀ láéláé. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé mẹ́mórì tí kernel ń kà láti mọ ibi tó yẹ kó kọ nǹkan sí lórí díìsìkì ti bàjẹ́, kó wá lọ kọ ọ́ lé dátà yín lórí. Windows àti FreeBSD ṣì ń rìn lójú ọ̀nà tó jọ èyí títí dòní, wọ́n kàn ń ṣọ́ra gidigidi ni: Windows á da mẹ́mórì sínú fáìlì page, nígbà tó bá tún jí ni á tó sọ ọ́ di MEMORY.DMP, FreeBSD á dà á sínú swap, `savecore` á sì wá kó o níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tún tàn.

Linux gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2005, nígbà tí kexec àti kdump wọ inú kernel 2.6.13. Iṣẹ́ kexec ni kó fò láti inú kernel kan bọ́ sínú òmíràn láì gba ọ̀dọ̀ firmware kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí firmware kò ti dá sí i, kò sẹ́ni tó nu RAM. Orí èyí ni kdump kọ́lé sí. Nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, kernel àkọ́kọ́ á ya ààyè kan sọ́tọ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti jí tán, iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ kdump á gbé kernel kejì àti initramfs rẹ̀ (àpò fáìlì kékeré tí kernel fi ń jí) sínú ààyè yẹn, wọ́n á sì sùn síbẹ̀. Bí panic bá dé, kernel àkọ́kọ́ á dá àwọn CPU yòókù dúró, á fò bọ́ sínú yàrá yẹn. Kernel kejì á jí pẹ̀lú 256M péré tó mọ̀ sí RAM tirẹ̀. Ìyókù, ìyẹn gbogbo ilé òkú, á hàn án gẹ́gẹ́ bí fáìlì kan: `/proc/vmcore`. Á kà á, á sẹ́ èyí tí kò wúlò kúrò nínú rẹ̀, á kọ ọ́ sórí díìsìkì, á sì tún ẹ̀rọ tàn.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń jí?

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè: kí ló dé tí kernel kò dúró títí wàhálà á fi dé, kó tó wá ààyè?

Ìdí kan ni pé ààyè náà gbọ́dọ̀ dúró pọ̀ lójú kan. Ẹ wo ọjà tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti tẹ́ ọjà wọn tán sí. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ tẹ́ ẹní ogún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọ̀sán gangan, ilẹ̀ á ṣì wà, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ibi tó máa gba ogún pọ̀ kò ní sí. Ààárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ni èèyàn ń sàmì sílẹ̀.

Ìdí tó jinlẹ̀ jù ni DMA, ìyẹn bí ohun èlò ṣe ń kọ nǹkan sínú RAM fúnra rẹ̀. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti kọ́ńtírólà díìsìkì kì í gba ọwọ́ CPU kọjá láti fi nǹkan sínú RAM. Kernel ti fún wọn ní àdírẹ́sì tẹ́lẹ̀, pé “bí ohun kan bá dé, ibí ni kí ẹ dà á sí.” Nígbà tí kernel bá kú lójijì, kò ráyè sọ fún wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Kernel ti kú, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi packet (ìdì dátà kékeré) ránṣẹ́ sí sáfà náà, káàdì á ṣì dà á sí àdírẹ́sì tí wọ́n fún un. Ká ní inú mẹ́mórì ọjọ́ gbogbo ni kernel kejì ń gbé, orí rẹ̀ ni packet yẹn á bà sí, òun náà á sì kú láìmọ ohun tó kọlù ú. Inú ààyè tí a ti yà sọ́tọ̀ láti ìgbà jíjí, kò sí ohun èlò kankan tí wọ́n fún ní àdírẹ́sì ibẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí “ẹ jẹ́ ká yá a lò nígbà tí kò sí wàhálà” kò fi ṣiṣẹ́ ní tààrà. (Àwọn kernel tuntun ní ẹ̀yà `,cma` tó ń jẹ́ kí àwọn ètò lásán yá apá kan lò, ṣùgbọ́n kernel kejì ní láti dúró díẹ̀ kí DMA tó ń lọ parí, ohun tí àwọn ètò yẹn sì fi síbẹ̀ kò ní wọ inú àkọsílẹ̀. Fún sáfà gidi, ti àtijọ́ ni a gbà yín níyànjú.)

Ẹ̀ṣọ́ kan tún wà níbẹ̀. Kí kernel kejì tó jí, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ purgatory á ṣírò SHA-256 (òǹkà ìdánimọ̀) ohun tí wọ́n gbé sínú yàrá náà, á fi wé èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Bí kernel àkọ́kọ́ bá ti fi ìṣìnà kọ nǹkan lé e, kò ní jẹ́ kí wọ́n jí i.

Mélòó ló tó?

Ohun tó ń jẹ mẹ́mórì nínú yàrá náà ni kernel kejì fúnra rẹ̀, initramfs tí wọ́n tú sínú RAM, àwọn dráífà tó ń gbé dìde, àti ètò makedumpfile tó ń sẹ́ àkọsílẹ̀. Nínú gbogbo wọn, díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i nítorí pé RAM pọ̀. Ohun tó ń fa ìnáwó jù ni iye ohun èlò tó wà lára ẹ̀rọ: sáfà tó ní káàdì RAID méjì àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin nílò ju kọ̀ǹpútà ilé lọ, kódà bí RAM wọn bá dọ́gba.

RHEL 9 (Linux ti Red Hat) lórí x86_64 (irú CPU tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà) kọ tirẹ̀ báyìí:

`crashkernel=1G-4G:192M,4G-64G:256M,64G-:512M`

Ẹ kà á báyìí: bí RAM bá tó 1G ṣùgbọ́n tí kò tó 4G, ya 192M sọ́tọ̀, láti 4G títí dé ìsàlẹ̀ 64G, 256M, láti 64G lọ sókè, 512M. Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò tó 1G kò ní yà ohunkóhun sọ́tọ̀, kò sì ní ké. Kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo kankan láàárín àwọn àmì yẹn. Tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà ìpele, `crashkernel=256M` nìkan tó.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú àwọn ìtọ́ni àtijọ́ tó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Àkọ́kọ́ ni `crashkernel=auto`. Red Hat ló fi ìyẹn kún kernel tirẹ̀ títí dé RHEL 8. Kò wọ inú kernel Linux tí gbogbo ayé ń lò, wọ́n sì yọ ọ́ ní RHEL 9. Tí ẹ bá dà á kọ sórí Debian, òfo ni ẹ máa bá. Èkejì ni `crashkernel=128M@16M`. Ohun tó wà lẹ́yìn `@` ni àdírẹ́sì tí ẹ fi ipá mú kernel láti lò. Lórí x86_64 òde òní, bí nǹkan mìíràn bá ti wà ní àdírẹ́sì yẹn, kernel kò ní wá ibòmíràn, á kàn fi sílẹ̀ ni. Ẹ gé `@16M` dànù.

Fún sáfà tí wọ́n ń háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 1G péré, 192M fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ìyẹn wúwo. Tó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù kékeré ló wà lórí rẹ̀, tí kò sì tíì ṣe panic rí, a kò ní dá yín lẹ́bi tí ẹ bá yọ ọ́. Tó bá ti ṣe panic lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ máa fi rí i mú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Lórí RHEL, AlmaLinux, Rocky àti Fedora:

`grubby --update-kernel=ALL --args="crashkernel=256M"`
`systemctl enable kdump`
`reboot`

Ẹ má ṣe sáré fi `--now` kún `enable`. Ààyè kò tíì sí, nítorí náà kdump á kùnà, ẹ̀rù á sì bà yín lásán. Tí ẹ bá fẹ́ padà sí iye tí Red Hat yàn, `kdumpctl reset-crashkernel --kernel=ALL` ló ń ṣe é lórí RHEL 9. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jí padà, `kdumpctl estimate` á sọ iye tó rò pé ẹ̀rọ yín gan-an nílò, ìyẹn sì sàn ju kéèyàn máa méfò lọ.

Lórí Debian àti Ubuntu, `apt install kdump-tools`. Iye tó fẹ́ yà sọ́tọ̀ wà nínú `/etc/default/grub.d/kdump-tools.cfg`, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yí i padà, kì í ṣe inú `/etc/default/grub`, torí pé bí ẹ bá kọ ọ́ síbi méjèèjì, ìdàrúdàpọ̀ ni. Ẹ wo `/etc/default/kdump-tools` pé `USE_KDUMP=1` wà níbẹ̀. Ẹ tẹ `update-grub`, kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tàn. Àìtẹ `update-grub` yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ “mo ṣe gbogbo rẹ̀, kò ṣiṣẹ́.” Láti Ubuntu 24.10, wọ́n ń tan kdump láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó bá lágbára tó, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ọwọ́ yín kún un.

Nígbà tí ẹ bá jí padà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ẹ̀rọ náà. Ṣé ọ̀rọ̀ náà dé etí kernel? `cat /proc/cmdline`. Ṣé ó yà ààyè náà lóòótọ́? `cat /sys/kernel/kexec_crash_size`, fún 256M, 268435456 ló yẹ kó jáde. Ṣé kernel kejì ti wọ inú yàrá? `cat /sys/kernel/kexec_crash_loaded`; 1 ni bẹ́ẹ̀ ni, 0 ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ lè fojú ara yín rí yàrá náà. Gẹ́gẹ́ bíi root, ẹ tẹ `grep -i crash /proc/iomem`. Ohun tó jáde lè rí báyìí:

`2b000000-3affffff : Crash kernel`

Òǹkà onípò mẹ́rìndínlógún ni. Ẹ yọ ti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ti ìparí, kí ẹ fi ẹyọ kan kún un: 0x10000000 ni, ìyẹn 268435456 báìtì, tó jẹ́ 256M géérégé. Yàrá náà bẹ̀rẹ̀ láti 688M, ó sì parí sí 944M. Tí ẹ kì í bá ṣe root, òdo nìkan ni ẹ máa rí níbi gbogbo. Ẹ má rò pé ó bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán an wò. Ẹ pa ẹ̀rọ náà ní àkókò tí kò sí ẹni tó ń lò ó:

`sync`
`echo 1 > /proc/sys/kernel/sysrq`
`echo c > /proc/sysrq-trigger`

Èyí kì í ṣe eré, kernel á kú lóòótọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí gbogbo nǹkan bá dára, ojú kọ̀ǹpútà á dúró díẹ̀, kernel kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ máa rí `Copying data` pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń gòkè, ẹ̀rọ á sì tún tàn fúnra rẹ̀. Lórí RHEL, fáìlì náà á wà nínú `/var/crash/127.0.0.1-` tí ọjọ́ àti aago tẹ̀ lé. Lórí Debian, inú fódà tí wọ́n fi ọjọ́ àti aago sọ lórúkọ nínú `/var/crash`. kdump tí ẹ kò tíì dán wò dà bí ẹ̀rọ panápaná tí ẹ kò mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀.

Ibi tó ti ń dàrú

`kexec_crash_size` jẹ́ 0, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà nínú `/proc/cmdline`. Ẹ wo `dmesg | grep -i crashkernel`. Kernel kò rí ibi tó dúró pọ̀ tó iye tí ẹ béèrè. Ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ yọ `@`.

`kexec_crash_size` dára, ṣùgbọ́n `kexec_crash_loaded` jẹ́ 0. Ẹ wo `journalctl -u kdump`, tàbí `journalctl -u kdump-tools` lórí Debian. Tí `locate_hole failed` bá wà níbẹ̀, initramfs ló tóbi ju yàrá lọ. Lórí Debian, ohun tó sábà fà á ni pé wọ́n kó gbogbo dráífà ayé sínú rẹ̀; `MODULES=dep` á jẹ́ kó kó kìkì èyí tí ẹ̀rọ yín nílò. Tí Secure Boot bá wà lórí, kernel tí ẹ kọ́ fúnra yín, tí kò ní ìbuwọ́lù tí ẹ̀rọ náà gbà gbọ́, ni wọ́n máa kọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń tan èèyàn jẹ jù, ni pé gbogbo àyẹ̀wò dára, kernel kejì jí, òun náà sì kú. Ẹ máa rí `Out of memory`, tàbí kí ó sọ pé `System is deadlocked on memory`. Yàrá ló há. Ẹ fi kún un láti 256M sí 384M tàbí 512M, kí ẹ tún dán an wò. Tí ẹ kò bá fẹ́ fi mẹ́mórì kún un, ẹ bu ohun tó ń jẹ ẹ́ kù: kernel kejì kò nílò dráífà káàdì àwòrán rárá, ẹ lè fi `rd.driver.blacklist=` dè é nínú `KDUMP_COMMANDLINE_APPEND` tó wà ní `/etc/sysconfig/kdump` lórí RHEL. Ẹ máa rí `nr_cpus=1` níbẹ̀ tẹ́lẹ̀; ẹ má yọ ọ́, CPU kọ̀ọ̀kan tó bá jí ló ń gba mẹ́mórì tirẹ̀.

Díìsìkì tí wọ́n fi LUKS2 (ọ̀nà tí Linux fi ń fi páásíwọ́ọ̀dù ti díìsìkì) tì ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n má baà lè méfò páásíwọ́ọ̀dù yín, Argon2id, ìṣirò tó ń sọ páásíwọ́ọ̀dù di kọ́kọ́rọ́, ń lo mẹ́mórì púpọ̀ láti fi ṣí i, ó lè tó 1G. Ẹ tẹ `cryptsetup luksDump` lórí díìsìkì náà, kí ẹ wo `Memory:`. Tó bá jẹ́ 1048576, 1G nìyẹn. Yàrá 256M kò lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn láéláé. Kódà bó bá tilẹ̀ gbòòrò, ta ló máa wà níbẹ̀ láago mẹ́ta òru láti tẹ páásíwọ́ọ̀dù? Ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ lọ sórí ìpín díìsìkì tí wọn kò tì, tàbí kó gba ssh lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn.

Bí RAM bá pọ̀ tí ẹ sì fẹ́ yàrá ńlá, ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ 4G á wọlé. Ohun èlò kan wà tí kò lè nawọ́ kọjá 4G nínú RAM. `crashkernel=1G,high` ń ya 1G sọ́tọ̀ lókè, kernel x86_64 á sì fi ó kéré tán 256M kún un nísàlẹ̀ fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ìlà `Crash kernel` méjì nínú `/proc/iomem`. Àwọn tó rí ìlà kejì tí wọ́n sì fi `crashkernel=0,low` pa á rẹ́ láti ṣẹ́ mẹ́mórì kù ni kernel kejì ń jí fún tí kò rí díìsìkì. Ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Tí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú kanlẹ̀ lẹ́yìn panic, ẹ má tíì sọ pé ó ti kú. Kò sẹ́ni tó tún káàdì àwòrán ṣe, nítorí náà kernel kejì lè máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Láti rí ohun tó ń sọ, `console=ttyS0,115200` lórí ojú serial ni. Lórí RHEL, ẹ tún lè kọ `failure_action shell` sínú `/etc/kdump.conf`, kó dúró dè yín dípò kó tún ẹ̀rọ tàn nígbà tó bá kùnà.

Ohun tí kdump kò lè mú

Panic nìkan ni kdump mọ̀. Bí iná bá lọ, kò sí panic, kò sí fáìlì. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà níbi tí iná kì í dúró gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: tí ìdánwò yín bá ti yege, tí ẹ̀rọ wá tún ara rẹ̀ tàn lóru tí `/var/crash` sì ṣófo, ọ̀dọ̀ iná, UPS tàbí ohun èlò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ kernel.

Ẹ̀rọ tó há láì kú náà ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ lè sọ híhá di panic: `kernel.softlockup_panic=1` fún CPU tó há, `kernel.hung_task_panic=1` fún iṣẹ́ tó dúró kọjá 120 ìṣẹ́jú àáyá. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń háyà, ẹ ṣọ́ra fún ti àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ni ilé bá ti kó ayálégbé jọ ju agbára CPU lọ, kernel yín lè rò pé òun há nígbà tó jẹ́ pé ìlà ló tò. Ìyẹn á pa ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn. `kernel.unknown_nmi_panic=1` sàn níbẹ̀: ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ NMI (àmì tí CPU kò lè kọ etí ikún sí) láti ojú ìṣàkóso nígbà tí ẹ bá rí i pé ó há.

Ohun tó wà nínú fáìlì, àti ìtọ́jú rẹ̀

Lórí RHEL, nínú `/etc/kdump.conf`, ẹ máa rí `makedumpfile -l --message-level 7 -d 31`. 31 yẹn kì í ṣe òǹkà lásán, àpapọ̀ ohun márùn-ún tí wọ́n sẹ́ dànù ni: 1 fún ojú ewé mẹ́mórì tó jẹ́ òdo pátápátá, 2 àti 4 fún oríṣi cache méjì, 8 fún dátà àwọn ètò lásán, 16 fún mẹ́mórì tó ṣófo. Ohun tó kù ni ti kernel fúnra rẹ̀, òun gan-an la sì ń wá. Tí ẹ bá yọ `-d 31`, ẹ̀rọ 64G á fẹ́ kọ nǹkan bí 64G, `/var` á kún, fáìlì á sì dúró lágbede méjì láìwúlò.

Ẹ kọ́kọ́ ka `vmcore-dmesg.txt`. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kernel wà níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ dráífà tó fà á á ti hàn láì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí vmcore, ìyẹn fáìlì àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí kò bá tó, ẹ gbé debuginfo kernel yẹn gan-an (àkójọ orúkọ tí ètò `crash` fi ń ka vmcore) wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu dé orí àmì ìkẹyìn:

`crash /usr/lib/debug/lib/modules/$(uname -r)/vmlinux vmcore`

Tí ẹ bá ti ṣe àtúnṣe kernel lẹ́yìn ìjàǹbá, `$(uname -r)` á darí yín sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀; ẹ fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà ti àtijọ́. Nínú rẹ̀, `bt` á fi ọ̀nà tí kernel gbà dé ibi ikú hàn, `log` á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, `ps` á sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Kí ẹ tó fi vmcore ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ rántí pé mẹ́mórì ni. `-d 31` ti yọ dátà àwọn ètò lásán, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí kernel fi ṣí díìsìkì LUKS lè ṣì wà nínú rẹ̀. `vmcore-dmesg.txt` ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn, ẹ̀yin náà kà á kó tó lọ.

Ẹni tó bá sì pinnu pé ẹ̀rọ kékeré òun kò lè gbé ẹrù yìí lè gba mẹ́mórì rẹ̀ padà láì tún ẹ̀rọ tàn: ẹ lé kernel kejì jáde pẹ̀lú `kdumpctl stop` tàbí `kdump-config unload`, kí ẹ wá tẹ `echo 0 > /sys/kernel/kexec_crash_size`. Ẹ tún `free -h` tẹ̀, iye náà á ti gòkè. Ẹ lè dín in kù báyìí, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi kún un. Láti fi kún un, àfi kí ẹ̀rọ tún jí láti ìbẹ̀rẹ̀.